Agogo Bubu Unaisi

Omi òkun ti ń padà bọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ojú omi alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ọkàn Alumita sì ti ń sọ fún un pé nǹkan kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ní ọkùnrin náà yóò dé. Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù báyìí. Láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni Bubu Unaisi ti wà lórí àpáta òkun lọ́hùn-ún, ó tẹ̀ba sórí ihò òkúta, ó ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ wá ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e lórí okùn tó so mọ́ ìbàdí. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni ìyá àgbà tí wọ́n ń pè ní Bubu yìí. Láti etíkun, kò ju kókó dúdú kan lọ lójú omi.

Bó bá ṣe tirẹ̀ ni, kì bá tí lọ lónìí. Alumita ló bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ.

Tíṣà kíláàsì kẹjọ ni Alumita ní abúlé Vunidilo. Ọdún mẹ́fà rèé tí wọ́n ti gbé e wá láti erékùṣù mìíràn, ó sì ti mọ ajá ilé kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó ni ín. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù láyé ni ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́: pé kí ọmọ má kàn máa há sáyẹ́ǹsì sórí bí odídẹrẹ́. Kí ó kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó ní ìṣòro, kí ó jókòó tì í, kí ó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó fi gbólóhùn kan sọ ohun tí ìṣòro náà jẹ́, kí ó wá oríṣiríṣi ọgbọ́n sí i, kí ó fi ohun tó bá wà nílẹ̀ ṣe é, kí ó sì gbé e padà lọ fún oníṣòro kó dán an wò. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ìṣirò yóò ti rí iṣẹ́ ṣe, inú rẹ̀ ni ọmọ yóò ti mọ ìdí tí ohun kan fi ń léfòó tí òmíràn fi ń rì. Orúkọ gígùn tí wọ́n ń pè é lólú ìlú kò wọ àwọn ọmọ náà létí. "Gbọ́-kí-o-tó-ṣe" ni wọ́n sọ ọ́.

Màsítà Apenisa, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kò fẹ́ rí Gbọ́-kí-o-tó-ṣe sójú.

"Màdáàmù, ìdánwò ń bọ̀ lóṣù kẹwàá," ló máa ń wí, "àwọn ọmọ yín sì ń gé ọparun kiri. Ṣé ọparun ni wọ́n máa fi dáhùn ìbéèrè?"

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀, àwọn ọmọ fi dígí kéékèèké tan oòrùn sí i lójú láti fèrèsé kíláàsì. Ó gba dígí mẹ́rìnlá lọ́wọ́ wọn, ó tì wọ́n mọ́ inú ọ́fíìsì rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́. Ìdí nìyẹn tí alábẹ̀wò fi ń bọ̀. Bí ohun tó bá rí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òní náà ni Gbọ́-kí-o-tó-ṣe yóò parí.

Ohun tí wọ́n fẹ́ fi hàn án ni agogo.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni òkun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Bubu Unaisi lọ lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gbun kan la àárín etíkun àti àpáta tí àwọn obìnrin ti ń wá ẹja. Bí omi bá fà, ọ̀gbun náà kò ju kókósẹ̀ lọ. Bó bá kún, ó ń bo ọkùnrin gíga mọ́lẹ̀, ó sì ń wọ́ ènìyàn lọ sí ojú agbami. Àwọn obìnrin yòókù a máa pe ara wọn bí omi bá ti yí padà: "Ẹ máa bọ̀ o!" Gbogbo wọn a kó apẹ̀rẹ̀ wọn, wọn a rìn wálé. Bubu Unaisi nìkan ni kì í mọ̀. Ìgbà méjèèjì, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí í ṣe bàbá Mereoni, ló lúwẹ̀ẹ́ lọ gbé e.

Mereoni wà ní kíláàsì kẹjọ, ẹnu rẹ̀ sì ṣáṣá. Òun ló ní kí wọ́n yan ìyá bàbá òun. Wọ́n lọ jókòó sórí ẹní Bubu, wọ́n gbé gbòǹgbò yaqona tí wọ́n ń lọ̀ pò mu kalẹ̀ níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ọmọ tó fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ àgbà ṣe, wọ́n sì bi í pé kí ló ń dá a dúró sórí àpáta. Bubu wo ojú wọn títí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, àgbà ló dé. Mo máa ń gbàgbé ni."

Wọ́n kọ ọ́ sórí pátákó: Bubu máa ń gbàgbé àsìkò. Alumita fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Orí gbólóhùn yẹn ni wọ́n fi oṣù mẹ́ta kọ́ gbogbo nǹkan lé. Wọ́n ri ọparun sínú ọ̀gbun, wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì kékeré sínú rẹ̀. Bí omi bá ga dé orúnkún, kẹ́ẹ̀gì á léfòó, á fi okùn fa èèkàn kan yọ, òkúta tí wọ́n so kọ́ igi máńgòrò etíkun á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òòlù á sì máa lu àgbá gáàsì àtijọ́ nígbà ogún. Àwọn ọmọ tí kò lè pín ìdá mẹ́ta nǹkan tẹ́lẹ̀ wá ń bá ara wọn jiyàn lórí ìwúwo òkúta. Alumita a máa jí láàárọ̀ kó kàn máa rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, gbogbo abúlé ló jáde. Wọ́n mú Bubu dúró nídìí máńgòrò, Mereoni fi ọwọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì sókè, òkúta sọ̀, agogo ró gbàn-ìn gbàn-ìn. Mereoni pàtẹ́wọ́. Bubu wo ọwọ́ Mereoni, òun náà sì pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ó dùn. Ó dára gan-an."

Tai Savenaca, bàbá àgbà kan, wà lábẹ́ igi náà, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ẹ̀gbọ́n ìyá Bubu lọ́kùnrin ló bí i, irú ìbátan tí wọ́n ń pè ní tavale nìyẹn. Ẹni tó jẹ́ tavale ẹni lè bú ẹni láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi.

"Unaisi!" ó ké. "Ìwọ lo gbọ́ agogo? Ìwọ tí àrá sán lórí òrùlé rẹ lọ́jọ́sí, tó o jókòó bí òkúta ìdáná? Akàn ti kọ́ ilé sí etí rẹ!"

Bubu tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán. "Dákẹ́, Savenaca. Eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu rẹ kò tó fi bú mi."

Ẹ̀rín pa gbogbo ènìyàn. Alumita náà rẹ́rìn-ín débi pé ó di igi mú, ó sì fi gègé rẹ̀ fa àmì sínú ìwé: ó ti dán an wò, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ tavale kì í wọ ìwé. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ odindi ni Savenaca sọ lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọlúwàbí Vunidilo sì fi rẹ́rìn-ín.

Lánàá ni Alumita gbé yaqona lọ bá Bubu, ó ní kó jọ̀wọ́, kó lọ sórí àpáta lónìí kí alábẹ̀wò lè rí agogo lẹ́nu iṣẹ́. Bubu wo yaqona náà, ó wo òde. Òṣùpá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, omi irú àsìkò bẹ́ẹ̀ kì í fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ padà. Ta ló máa kọ̀ fún tíṣà tó gbé yaqona kalẹ̀?

"Io, bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," Bubu ní. "Màá lọ."

* * *

Wọn kì í mú àlejò láti inú ọkọ̀ lọ tààrà síbi iṣẹ́. Alumita mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n mú Ọ̀gbẹ́ni Jagdish, alábẹ̀wò, wọ gbọ̀ngàn abúlé bó ṣe ń gbọn omi kúrò nínú bàtà rẹ̀, ó bẹ Màsítà Apenisa.

"Màsítà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé etíkun. Omi ti ń wọlé."

"Ká má kí àlejò? Màdáàmù, ṣé ẹ fẹ́ dójú ti abúlé ni?" Apenisa ní. "Ṣebí ẹ ti ṣe agogo. Ẹ jẹ́ kí agogo ṣiṣẹ́ rẹ̀."

Alumita tẹ̀ lé wọn wọlé. Ó jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé ọpọ́n kalẹ̀. Wọ́n po yaqona. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún olórí abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì ilẹ̀ náà àti ti àlejò, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà gùn, kò sì sí ẹni tí í dìde nígbà tí wọ́n bá ń ṣe èyí. Láti ẹnu ọ̀nà, Alumita ń rí ìpẹ̀kun àpáta. Kókó dúdú náà kò kúrò lójú kan. Àpáta tó wà lápá òsì rẹ̀ tó rí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn kò sí níbẹ̀ mọ́.

Agogo á ró, ó sọ fún ara rẹ̀. Ó fi èékánná ha ẹní. Agogo á ró, Bubu á gbé orí sókè, á rìn wálé.

Wọ́n gbé èèpo àgbọn tó kún fún yaqona lé Ọ̀gbẹ́ni Jagdish lọ́wọ́. Bó ṣe ń gbé e sẹ́nu, agogo ró.

Gbàn-ìn! Gbàn-ìn! Gbàn-ìn!

Àwọn ọmọ tó wà níta hó yèè. Ọ̀gbẹ́ni Jagdish mu ife rẹ̀ tán, ó pàtẹ́wọ́ bó ṣe yẹ, ó sì dìde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Gbogbo wọn rọ́ lọ sí etíkun. Àgbá gáàsì ń ró lórí igi máńgòrò, òkúta ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí àwọn ọmọ ṣe ṣírò rẹ̀, kò sí ohun kan tó yẹ̀. Kíláàsì kẹjọ ń fò sókè. Màsítà Apenisa pàápàá mi orí pé ó dára.

"Ó ṣiṣẹ́!" Ọ̀gbẹ́ni Jagdish ní, ó sì ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Màdáàmù. Ọgbọ́n gidi lèyí."

Alumita kò gbọ́ ọ. Orí àpáta ló ń wò. Agogo ti ró nígbà mẹ́wàá, nígbà méjìlá, Bubu Unaisi kò sì gbé orí sókè. Ńṣe ló túbọ̀ tẹ̀ba. Nígbà náà ni ojú Alumita wá là, ó sì rántí ọwọ́ Bubu lọ́jọ́ tí wọ́n dán agogo wò: ọwọ́ náà kò pàtẹ́wọ́ títí ó fi rí ti Mereoni. Ó ti rí i lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ méjèèjì ló fi rí i, ó sì lọ fa àmì.

"Bubu!" ó figbe ta. "Bubu o!"

Àwọn ènìyàn gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí, pàtẹ́wọ́ dúró. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ọgọ́ta ènìyàn ń ké orúkọ kan náà, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ láti etíkun sí òkun, tó fi jẹ́ pé òkú ì bá jí. Kókó dúdú náà kò mira.

"Ẹ gbé ohùn yín jẹ́ẹ́!" Tai Savenaca ló ń bọ̀ láti ìdí àwọ̀n rẹ̀. "Kò gbọ́ yín. Ó ti ju ọdún kan lọ tí kò gbọ́ ohunkóhun mọ́!"

"Tai, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?" Mereoni ti ń sunkún.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́! Mo sọ ọ́ lójú gbogbo yín! Ẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín!"

Kò sí ẹni tó lè wo ojú rẹ̀. Ó yíjú, ó sáré lọ sí ẹnu odò kékeré níbi tí ọkọ̀ ọparun rẹ̀ wà, ó ń sáré bí arúgbó ṣe ń sáré. Ọkọ̀ alábẹ̀wò wà lẹ́yìn òkè, lẹ́bùúté. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é, ó di ìdajì wákàtí. Bàbá Mereoni wà lóko kókò lókè. Mereoni wọ omi dé orúnkún. Alumita di apá rẹ̀ mú.

"Má lọ! Omi yẹn á gbé ìwọ náà."

"Màdáàmù, ẹ fi mí sílẹ̀! Kò mọ̀ pé omi ti dé!"

"Mo mọ̀. Gbọ́ mi, Mereoni. Gbọ́." Ó ń gbìyànjú láti rántí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. "A kọ ìṣòro yẹn sórí pátákó, a sì ṣì í kọ. Kò gbàgbé. Kí ni ìṣòro rẹ̀?"

"Kò gbọ́ràn!"

"Ó dáa. Kí la lè fi pe ẹni tí kò gbọ́ràn?"

Ọmọ náà ń mí gúlegúle. Ó wo agogo tó ń ró lórí òfo. Ó wo oòrùn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Màsítà Apenisa, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í ké mọ́, ó sì ké mọ́ ọn.

"Màsítà! Dígí wa! Ẹ fún wa ní dígí wa!"

Apenisa la ẹnu, ó pa á dé. Ó ká aṣọ ìró rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń ró, sókè, ó sì sáré. Ẹnikẹ́ni ní Vunidilo kò tíì rí i kó sáré rí. Ó padà dé pẹ̀lú àpótí náà láyà, àwọn ọmọ já dígí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, Mereoni sì ní kí wọ́n tò sórí iyanrìn.

"Ẹ má fi sí i lórí! Orí rẹ̀ wà nílẹ̀, kò ní rí i! Omi iwájú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí, ibi tó ń wò!"

Alumita kò dúró wò ó. Savenaca ti ti ọkọ̀ ọparun kọjá, Alumita fò lé e lórí, ó mú ọ̀pá kejì. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, àgbà náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀: kò dojú kọ ọ̀gbun tààrà, òkè omi ló gbà, kí omi fúnra rẹ̀ lè gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Bubu. Ó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ láìdúró, ẹnu rẹ̀ ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Unaisi, òpònú. Unaisi, olórí líle. Gbé orí rẹ sókè. Jọ̀wọ́, gbé orí rẹ sókè."

Omi ti dé itan Bubu. Ó gbé ọwọ́ kan lé òkúta, ó fi èkejì gún ihò. Alumita rí i tí àmì funfun kan balẹ̀ sórí omi lápá ọ̀tún rẹ̀, tó ń gbọ̀n, tó sì sọnù. Òmíràn dé. Mẹ́ta, márùn-ún, gbogbo wọn ń tàn kiri, wọ́n ṣìnà, wọ́n padà, títí wọ́n fi kó ara wọn jọ síwájú obìnrin náà gan-an. Bubu na ọwọ́ sí wọn bí ẹni fẹ́ mú ẹja. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè.

Ìmọ́lẹ̀ kún ojú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó wo etíkun, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ọparun sì rí i bí ẹ̀rù ṣe mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló gbé kí àpáta tó tán lábẹ́ rẹ̀, ọ̀gbun sì gbà á.

"Unaisi!"

Orí rẹ̀ jáde, ó wọlé. Omi ń gbé ọkọ̀ kọjá lára rẹ̀. Savenaca fi gbogbo ara ti ọ̀pá mọ́lẹ̀, ọ̀pá kò kan ilẹ̀ mọ́. Alumita kò rí Bubu, apẹ̀rẹ̀ tó léfòó ló rí. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ọparun, ó na apá, apẹ̀rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún na apá, ó rí okùn rẹ̀ mú. Ó fà. Okùn náà wúwo. Ó fi eyín mú ète, ó fà títí orí funfun kan fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, tí àgbà méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nínú omi, fi di ara wọn mú lọ́rùn.

Wọ́n gbé e sórí ọparun. Ó bi omi, ó húkọ́, ó mí.

"O wúwo ju màlúù lọ," Savenaca ní. Omijé ń dà lójú rẹ̀ wàrà. Bubu wo ẹnu rẹ̀, ó gbé ọwọ́, ó sì gbá a létí díẹ̀.

* * *

Nígbà tó di ọ̀sán, Bubu jókòó sórí ẹní nínú ilé rẹ̀, wọ́n fi kúbùsù yí i ká, wọ́n ti fún un ní ọbẹ̀ ẹja gbígbóná. Kíláàsì kẹjọ wọlé lórí ìkúnlẹ̀, Alumita ṣíwájú wọn. Eyín àbùùbùtán wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó yá lọ́dọ̀ olórí abúlé, torí pé ohun tí ó fẹ́ tọrọ kọjá èyí tí wọ́n ń fi yaqona tọrọ. Ọ̀gbẹ́ni Jagdish àti Màsítà Apenisa jókòó nídìí ògiri.

Kí wọ́n tó wá ni alábẹ̀wò ti bi Alumita pé kí ni kí òun kọ. Apenisa tètè dá a lóhùn: "Agogo ṣáà ró, ọ̀gá. Gbogbo wa la gbọ́ ọ." Ó fẹ́ gba Alumita là, Ọlọ́run mọ̀ pé ó fẹ́ gbà á là. Alumita ní kí alábẹ̀wò fagi lé ohun tó ti kọ. "Ẹ kọ ọ́ pé kò ṣiṣẹ́. Gbogbo wa la gbọ́ ọ, àfi ẹni tá a ṣe é fún."

Ó gbé eyín náà sókè báyìí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì lanu gbọọrọ kí Bubu lè rí ọ̀rọ̀ náà.

"Bubu, mo ṣẹ̀ yín. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ lọ. Mo rí ọwọ́ yín lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì fẹ́ mọ̀, torí inú mi ń dùn sí agogo. Ẹ foríjì mí."

Bubu gba eyín náà. Ó gbé e sí itan rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ra á.

"Èmi náà ṣẹ̀ yín," ó ní. "Irọ́ ni mo pa fún yín. Mi ò gbàgbé rí. Kérésì tó ṣáájú tèṣí ni etí kan lọ, èkejì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ní òun ò gbọ́ràn, wọn ò ní jẹ́ kó lọ sí òkun mọ́. Wọ́n á ní kó jókòó máa wo ọmọ. Àti pé ẹ gbé yaqona wá, ẹ ti ṣe wàhálà tán, ẹ wá ń bi mí pé ṣé ó dára. Kí lẹ fẹ́ kí n wí?"

Savenaca kò rí àwàdà kankan ṣe. Ó ń wo ilẹ̀.

Mereoni sún síwájú. Ó kó dígí mẹ́ta tí wọ́n ti fi okùn so mọ́ igi kan jáde. Láàárín ìgbà tí wọ́n gbé Bubu dé àti ìgbà yìí ni wọ́n ti ṣe é, orí wọn kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. "Bubu, a fẹ́ ri èyí mọ́ etíkun. Bí omi bá dé, á máa yí, á máa tan oòrùn sí yín. Ṣé ó..."

Alumita fi ọwọ́ kàn án lẹ́yìn. Ọmọ náà gbé ìbéèrè náà mì. Ó gbé dígí náà lé Bubu lọ́wọ́.

"Bubu, ibo ni èyí ti máa já wa kulẹ̀?"

Kò sí ẹni tó béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àgbà rí nínú ilé yìí. Bubu wo dígí náà, ó wo àwọn ọmọ mẹ́rìnlá tó ń retí. Ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ẹ ṣeun ti wà létè rẹ̀, gbogbo wọn rí i. Ó yíjú sí Savenaca. Savenaca mi orí sí i pé kó sọ ọ́.

"Kò dára," Bubu Unaisi ní.

Ó dá dígí náà padà fún Mereoni.

"Kò dára rárá. Bí òjò bá ṣú ńkọ́? Oòrùn wo lẹ máa fi pè mí? Mo sì máa ń kọ ẹ̀yìn sí etíkun bí mo bá wà ní ìhà ibi tí ẹja wà gan-an, ẹ̀yin ò bi mí. Ẹ tún un ṣe."

Kíláàsì kẹjọ hó. Wọ́n hó ju bí wọ́n ṣe hó fún agogo lọ, wọ́n ń di mọ́ ara wọn, Ọ̀gbẹ́ni Jagdish ń wo ojú Apenisa pé kí ló dé. Alumita bo ojú rẹ̀ ó ń sunkún, kò sì tijú. Mereoni nìkan ni kò hó. Ó ti ṣí ojú ìwé tuntun, ó sì sún mọ́ ìyá bàbá rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, níbi tí Bubu ti lè rí ẹnu rẹ̀ dáadáa.

"Ẹ tún un sọ, Bubu," ó ní. "Ẹ rọra tún un sọ. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀."